Ìtọ́jú Pùròpẹ́là Lójú Odò Ọya: Láti Kàbà dé Jamata

Ọjọ́ Àìkú, Kàbà

Láti ìgbà ọdún Kérésì ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi létídò Òwórò ti ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn wo ẹ́ńjìnnì wọn kí omi tó fà tán. Oṣù Èrèlé la wà yìí. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, Odò Ọya sì ti ń yọ òkìtì iyanrìn síta. Ìgbà báyìí ni pùròpẹ́là, irin alápá tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ lọ, máa ń jìyà jù lọ. Lásìkò ìkún omi, ọkọ̀ á gba orí òkúta kọjá, atukọ̀ ò ní mọ̀ pé òkúta wà nísàlẹ̀. Tí omi bá ti fà, òkúta yẹn kan náà ni yóò bu apá pùròpẹ́là jẹ.

Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó ti kú nìkan ni mo ń bọ̀ wá wò. Gbogbo pùròpẹ́là tí mo bá bá ní èbúté ni mo máa tú, èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń ba jíà ẹ́ńjìnnì ojú omi jẹ́ kì í ti inú jíà wá. Ẹ̀yìn pùròpẹ́là ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi kú sáàárín odò pẹ̀lú àgbà àti ọmọdé nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi ká mi lára.

Alẹ́ yìí ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi di ẹrù. Gíríìsì tí omi kì í fọ̀ dànù, ọ́ìlì jíà 90, síìlì oríṣiríṣi (òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde tàbí kí omi wọlé), píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í dípata, fáìlì, òòlù onígi, búrọ́ọ̀ṣì onírin, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, ọ̀dà pupa díẹ̀. Píìnì ni mo kó pọ̀ jù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun sì ni kì í jẹ́ kí pùròpẹ́là bọ́ sómi.

Ọjọ́ Ajé, Kàbà sí Lọ́kọ́ja

Ọ̀nà Obajana la gbà. Kìlómítà 43 tó wà láàárín Kàbà àti Obajana ti di kọnkéré, ara àwọn irinṣẹ́ wa sì balẹ̀ títí a fi bọ́ sáàárín àwọn tírélà símẹ́ńtì. Ọ̀sán ti pọ́n kí á tó dé Lọ́kọ́ja.

Nírọ̀lẹ́, mo mú ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí ibi tí èèyàn ti lè rí bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ṣe ń pàdé. Mo fẹ́ kó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú omi yìí ṣáájú wa. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ọkọ̀ Quorra àti Alburkah wá ní 1832, àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́n omi sẹ́yìn. Ní 1854 ni Baikie, oníṣègùn òyìnbó kan, gbé ọkọ̀ Pleiad gba ibí kọjá wọ Bẹ́núé, Ajayi Crowther tiwa sì wà nínú rẹ̀. Pleiad ní ìgbòkun, ó ní ẹ́ńjìnnì tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ó sì ní pùròpẹ́là lábẹ́ ìdí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Dayspring, ọkọ̀ tí Baikie tún gbé wá, kọlu òkúta nítòsí Jẹ́bà, ibẹ̀ ló fọ́ sí. Ọmọ náà bi mí pé ta ló ń bá wọn tún pùròpẹ́là Pleiad ṣe tó bá gbá nǹkan. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Mo ní kó ro ó wò: omi ń fà, ilé jìnnà, kò sí ọjà tí wọ́n ti lè ra òmíràn. Ohun tí wọ́n bá gbé wá láti ilé nìkan ni wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí atukọ̀ òde òní máa ronú kó tó kúrò ní èbúté.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èbúté kan lápá Felele

A ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí oòrùn tó mú. Àwọn ọkọ̀ onípákó tó ń kó èrò àti iṣu ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 40 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò.

Mo to iṣẹ́ náà sílẹ̀ níhìn-ín bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí àwọn atukọ̀ náà ní kí n kọ ọ́ fún àwọn.

Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan pùròpẹ́là, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti kú, jíà gbọ́dọ̀ wà ní nútírà, okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti kúrò lára rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ ti yọ orí wáyà kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Mi ò gba ẹ̀bẹ̀ lórí èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́ sí pùròpẹ́là ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti yọ koríko kúrò, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń fa okùn ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Mo pariwo débi pé gbogbo èbúté dákẹ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré dópin, pùròpẹ́là á máa yí ju 2,000 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìka ọwọ́ ò lè bá a jà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè, mo fi páláyà na ẹsẹ̀ píìnì méjèèjì tó tẹ̀, mo fà á yọ, mo sì jù ú nù. Píìnì tí a ti tẹ̀ tí a sì tún nà ti rẹ̀, kò yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fi igi há àárín apá pùròpẹ́là àti irin pẹlẹbẹ tó wà lókè rẹ̀ kó má baà máa yí, mo tú nọ́ọ̀tì, mo yọ wáṣà rẹ̀, mo fa pùròpẹ́là jáde. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ rò pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Rárá o. Wáṣà ńlá kan ṣì wà lẹ́yìn tó yẹ kó jáde pẹ̀lú, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni okùn àwọ̀n máa ń sá pamọ́ sí.

Àwọn eyín tó wà lára ọ̀pá pùròpẹ́là, a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gíríìsì àtijọ́ kúrò títí irin fi dán, a wò ó bóyá ó ti jẹ. Gíríìsì tuntun ló kàn, ká fi yí gbogbo eyín ká. Pùròpẹ́là kan wà lónìí tí kò tíì kúrò lára ọ̀pá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Igi àti òòlù ni a fi ń kàn án jẹ́jẹ́, níhìn-ín lẹ́ẹ̀kan, lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ sì ti fẹ́ẹ́ ṣú kó tó jáde. Gíríìsì ìka méjì péré ni ì bá gbà wá lọ́wọ́ wàhálà yẹn.

Nígbà tí a bá ń dá a padà, wáṣà ńlá ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé wáṣà yìí ti fi pùròpẹ́là rẹ̀ lọ ara ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tì bá ti le dáadáa, tí ihò píìnì kò bá tíì bára mu, iwájú ni ká tún yí nọ́ọ̀tì sí díẹ̀. A kì í dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn.

Ọjọ́rú, Banda

Ọkọ̀ èrò la wọ̀ gòkè odò. Gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo sì yin atukọ̀ fún un. Lọ́kọ́ja ni olú ilé iṣẹ́ NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ wa, wà, kò yẹ kí ọkọ̀ tó ń gbéra nítòsí wọn máa ṣe àìbìkítà.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń dún dáadáa. Nígbà tí a dé Banda tí mo ní kí á tú pùròpẹ́là rẹ̀, atukọ̀ náà kọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń dunni ni ká wò. Tèmi ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá àgbà kan tó kó iṣu sínú ọkọ̀ náà gbè é lẹ́sẹ̀. Ó ń lọ sọ́jà, kò sì fẹ́ kí ọjọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. "Okun o, Ìyé. Ẹ fún mi ní ìwọ̀nba àyè kí n fi tú u. Tí mi ò bá rí nǹkan kan, mo máa bá yín ru iṣu yẹn fúnra mi."

Okùn ọ̀rá àwọ̀n ni mo bá lẹ́yìn wáṣà. Ó ti yí mọ́ ọ̀pá náà léraléra, ooru ti yọ́ ọ, ó ti di òrùka líle kan. Etí síìlì ti gé. Mo tú ìdè ìsàlẹ̀ ilé jíà, ọ́ìlì tó ń ṣàn jáde sì funfun bí omi ẹ̀kọ. Atukọ̀ náà káwọ́ lérí.

Mo ṣàlàyé fún gbogbo àwọn tó pé jọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ̀ gba orí okùn àwọ̀n kọjá, pùròpẹ́là ká a, atukọ̀ kò sì mọ̀ nítorí ọkọ̀ ṣì ń lọ. Okùn náà ń wọ inú síwájú sí i lójoojúmọ́ títí ó fi dé abẹ́ etí síìlì. Láti ibẹ̀, ọ́ìlì á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì nírọ̀lẹ́, ilé jíà tó gbóná á tutù lójijì nínú omi, atẹ́gùn inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé. Lọ́la, jíà á máa yí nínú omi àti ọ́ìlì. Ìpata á mú bẹ́ríǹgì, eyín jíà á jẹ, ọjọ́ tí yóò já kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Síìlì méjì ló wà níbẹ̀, a pààrọ̀ méjèèjì. Mo fi ìka yí bẹ́ríǹgì wò, kò ké, kò sì ní ìpata. A bá a nígbà tó ṣì ṣeé gbà là. Kí a tó da ọ́ìlì tuntun sí i, mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú ilé jíà, a rì í sómi, a tẹjú mọ́ ọn. Kò yọ ìfófòó. Ìsàlẹ̀ la ti ń da ọ́ìlì jíà wọlé, ihò òkè á ṣí sílẹ̀, títí ọ́ìlì yóò fi yọ lókè láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dà á láti òkè ń ti afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀ ni. Wákàtí 100 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fún ọkọ̀ tó ń kó èrò lójoojúmọ́, wákàtí 100 kì í pẹ́ pé.

Ìyé sun Banda mọ́jú, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, atukọ̀ kò sì fi èrò rìn lóru. Ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ wá fún wa. Ó ní òun àti ọmọ ọmọ òun ni wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, Banda

Ìkùukùu ọyẹ́ bo odò láti òwúrọ̀. Èèyàn ò rí òdì kejì. Ọkọ̀ kankan ò gbéra títí oòrùn fi là.

A jókòó ti iná, ọmọ iṣẹ́ mi sì bi mí nípa ọkọ̀ onígbòkun, nítorí Pleiad ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Èkó ló ti kọ́ tirẹ̀, nídìí àwọn ọkọ̀ onígbòkun tó máa ń wà lójú ọ̀sà. Ohun tí ó kọ́ mi ni mo sọ fún un. Ọkọ̀ onígbòkun òde òní ní ẹ́ńjìnnì fún wíwọ èbúté àti fún ìgbà tí atẹ́gùn bá kú. Tí ìgbòkun bá ti mú atẹ́gùn, pùròpẹ́là di ẹrù. Apá rẹ̀ tó dúró gbagidi á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní oríṣi kan tí apá rẹ̀ ń ká sẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, àti oríṣi mìíràn tí apá rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ padà kó lè fi etí kọjú sí omi. Àwọn méjèèjì ní ìsopọ̀ àti eyín jíà kéékèèké nínú, ìtọ́jú wọn sì ju ti tiwa lọ: gíríìsì tirẹ̀ lásìkò, kí wọ́n sì máa mi apá kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ti ń yẹ̀.

Omi iyọ̀ tún ní ogun tirẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́ran-ara kéékèèké oníkarahun máa ń lẹ̀ mọ́ pùròpẹ́là tí wọ́n bá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́, agbára rẹ̀ á sì lọ. A kò ní ìyẹn nínú Odò Ọya. Omi iyọ̀ sì máa ń jẹ irin kan láti ara irin mìíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de zinc mọ́ ọ̀pá pùròpẹ́là kí zinc lè kú dípò rẹ̀. Idẹ pùròpẹ́là tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ń pọ́n bíi bàbà ti ń kìlọ̀ pé zinc inú òun fúnra rẹ̀ ti ń lọ, òòlù lè fọ́ ọ.

Ohun tó kan àwa níbí nìyí. Ẹ́ńjìnnì tiwa náà ní irin ìrúbọ yẹn lára, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ zinc. Nínú omi dídùn, zinc máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú èépá funfun, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dúró. Magnesium ló dára jù fún odò. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣe kùn ún ní ọ̀dà láé. Ní Banda yìí, mo bá irin ìrúbọ mélòó kan tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn kí ẹ́ńjìnnì lè dára lójú. A họ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sán la tó dé Jamata.

Ọjọ́ Ẹtì, Jamata

Lábẹ́ afárá ńlá tó lọ sí ọ̀nà Kótónkáfè, omi kò jìn létí bèbè, òkúta àti kùkùté igi sì pọ̀. Àwọn pùròpẹ́là ibí ló burú jù.

Ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí apẹja ń lò ni a kọ́kọ́ tú. Ìṣó ni wọ́n fi sí ipò píìnì tó gba àárín ọ̀pá kọjá. Mo bínú, kì í ṣe sí apẹja náà, bí kò ṣe sí ẹni tó fi hàn án. Wọ́n dìídì fi irin rírọ̀ ṣe píìnì yẹn kó lè gé nígbà tí pùròpẹ́là bá kọlu nǹkan. Píìnì gé, jíà yè. Ìṣó kì í gé, jíà ló ń gé dípò rẹ̀. Mo fún un ní píìnì tòótọ́, mo sì fi téèpù so àwọn mìíràn mọ́ ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tó nínú òkùnkùn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, atukọ̀ rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì òun ń ké tán, ọkọ̀ kò lọ. Ó ti fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì náà. Mo fọwọ́ yí pùròpẹ́là, mo sì fura. Nínú àárín pùròpẹ́là ni bọ́ọ̀ṣì rọ́bà wà, òun ló ń gba ìpalára nígbà tí apá bá gbá òkúta. Tí ìgbájú yẹn bá ti pọ̀ jù, rọ́bà á yọ̀, ọ̀pá á máa yí nínú, pùròpẹ́là á sì dúró. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan láti ara irin àárín dé ara pùròpẹ́là, a lọ síwájú díẹ̀, a padà wá. Ìlà náà ti pín sí méjì, ìdajì kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì nìkan ló ti kú, bọ́ọ̀ṣì sì lówó tó ṣeé san.

Ìyókù ọjọ́ náà, apá tó tẹ̀ la ń nà. Mo dojú pùròpẹ́là dé orí pákó títẹ́jú, mo fi rúlà wọn gíga etí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Èyí tó bá yàtọ̀, òòlù onígi ni, díẹ̀díẹ̀, ká tún wọ̀n. Etí tó ti ya, fáìlì ni. Lẹ́yìn náà, mo ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín rẹ̀, mo gbé e lé orí igi méjì, mo sì fi í sílẹ̀ kó dúró fúnra rẹ̀. Apá tó bá ń padà wá sísàlẹ̀ nígbà gbogbo ló wúwo jù, a ó fá díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó ti ya dé ìdí apá, mo kọ̀ láti nà án. Alumíníọ̀mù tó ti sán ní ìdí yóò já lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo. Oníṣẹ́ wẹ́dà kan lè fi iná tirẹ̀ lẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò ní fi í sídìí ọkọ̀ tó ń kó èrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Jamata

Ìdánwò la fi òní ṣe. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ sára pùròpẹ́là. Èkíní ni fífẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni ínǹṣì tí ì bá wọlé síwájú tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ohun tó le. 13 ni nọ́ńbà kejì yìí lára ti ọkọ̀ iṣu kan tó ń kùn pé ẹ́ńjìnnì òun kò lágbára. Tí ọkọ̀ bá kún, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í dé 4,500 sí 5,500 yíyí ní ìṣẹ́jú kan tí ìwé rẹ̀ ní kó dé nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Ó ń fà ju agbára rẹ̀ lọ, ó ń gbóná, ó sì ń jẹ epo. A gba 11 lọ́wọ́ ẹnìkan tó ní àfikún, a fi sí i. Ínǹṣì kan tí a bá dínkù máa ń fi bíi 150 sí 200 yíyí kún un. Pẹ̀lú ẹrù iṣu kan náà, ọkọ̀ náà gbórí sókè, ó sì dìde. Fún ọkọ̀ tó ń rìn lófìfo, 13 ló dára. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni.

Mo ṣàdéhùn pẹ̀lú àwọn olórí èbúté pé kí wọ́n máa tú pùròpẹ́là ọkọ̀ èrò lóṣooṣù, àti lọ́jọ́ kan náà tí ó bá gba orí àwọ̀n kọjá. Ìlà ọ̀dà pupa wà lára gbogbo wọn báyìí. Atukọ̀ gbọ́dọ̀ wò ó ní òwúrọ̀ kó tó kó èrò.

Ọkọ̀ oníbọ́ọ̀ṣì yíyọ̀ yẹn ṣì wà lórí iyanrìn. Ìwọ̀n bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí ní Lọ́kọ́ja, mo ti ránṣẹ́ sí Onítṣà. Olówó ọkọ̀ bẹ̀ mí pé ọjọ́ ọjà ń bọ̀, kí n jẹ́ kó máa rọra lò ó. Mo yọ pùròpẹ́là náà kúrò, mo sì kó o sínú àpò mi.